Bóòtù Níbi Tí A Kò Tíì Mọ̀, Iná Níbi Tí Ó Ti Dá Wa Lójú

Àwọn tó ń kọ́ni ní agile, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí a ń dán an wò, tí a sì ń tún un ṣe bí a bá ṣe ń lọ, máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n bí i sí. Àwọn onírin náà gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kò kan àwọn. "Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lè pa ohun tó kọ rẹ́. Irin tí mo ti gé ńkọ́? Ta ni yóò bá mi so ó padà?" Mo ti bá ìhà méjèèjì ṣiṣẹ́. Mo wà ní Èkó fún ọdún mélòó kan pẹ̀lú àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí n tó padà sí Ilé-Ifẹ̀ tí mo ti kàwé, láti wá máa darí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń rọ ẹ̀rọ oúnjẹ lójú ọ̀nà Ẹdẹ. Ẹ̀rọ ayan-gàrí kan tí a ṣe níbẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da agile pọ̀ mọ́ ọ̀nà àtijọ́, níbi tí gbogbo ètò ti ń pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀kan kò fi ní í ba èkejì jẹ́.

Kí n tó dé orí ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kí n tún ìtàn kan ṣe. Lọ́dún 1986, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ará Japan, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Harvard Business Review lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yára gbé ọjà tuntun jáde. Eré rugby ni wọ́n fi ṣàpèjúwe rẹ̀: gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú pọ̀, dípò kí ẹ̀ka kan parí tirẹ̀ pátápátá kó tó jù ú sí ẹ̀ka kejì. Àwọn ọjà wo ni wọ́n yẹ̀ wò? Kámẹ́rà Canon, ẹ̀rọ aṣẹ̀dà-ìwé Fuji-Xerox, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Honda. Irin, ike àti gíláàsì. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìyẹn, ní 2001, ni àwọn mẹ́tàdínlógún kan láti ìdí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàdé ní Snowbird, ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ ìkéde agile tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ní ìhà kejì, Robert Cooper ará Kánádà, tó sọ ọ́ di mímọ̀ kí iṣẹ́ ọjà tuntun máa gba bodè kan lẹ́yìn òmíràn kọjá, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó gbà kó tẹ̀ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ló tún padà kọ̀wé lórí bí a ṣe lè máa lo agile láàárín bodè kan sí èkejì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé agile kì í ṣe ti onírin, mo máa ń dá a lóhùn pé ilé onírin ló ti jáde. Àjò ló rè, ó sì ti ń padà bọ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá kan nítòsí Ìpetumodù ló nílò ẹ̀rọ náà, àjọ kan ló sì fẹ́ san owó rẹ̀. Ẹ mọ bí iṣẹ́ gàrí ṣe rí. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á kù ú, kí wọ́n tó máa dà á díẹ̀díẹ̀ sínú agbada gbígbóná. Ìyá á jókòó ti iná, èéfín á máa kó sí i lójú, àfọ́kù igbá á wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: ẹ̀rọ tí yóò máa rò ó fúnra rẹ̀, àti ṣímínì tí yóò gbé èéfín gba òkè lọ. Àjọ náà fi tiwọn kún un: kí gàrí náà gbẹ dé ibi tí ìlànà àgbáyé fẹ́, kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kó lè pẹ́ nínú àpò láìbàjẹ́.

Wọ́n ní kí n mú ètò wá. Mo mú un wá, tábìlì gígùn tó ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí Henry Gantt sọ di olókìkí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Yíya àwòrán, ríra ọjà, gígé, jíjó, ìdánwò, ìfàlélọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni owó yóò wọlé, bí ọ̀pá kan bá ti ń parí. Mi ò bú irú ètò yìí o. Ẹni tó ń fi owó ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ìgbà tí owó yóò tán àti ohun tí olówó yóò rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìdánwò wà: ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí a bá ti gé, tí a ti jó, tí a ti kùn ún. Ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ da ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ náà ni ọjọ́ tí kò ní í sí owó mọ́ láti tún un ṣe.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀dọ́ méjì wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n mọ àwòrán ẹ̀rọ yà lórí kọ̀ǹpútà dáadáa. Wọ́n fẹ́ kí a máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí a má ya àwòrán parí, kí a máa kọ́ ọ bí a bá ṣe ń lọ. Bàbá Wẹ́dà, tó ti ń jó irin kí wọ́n tó bí wọn, kò fẹ́ gbọ́. "Ẹ fún mi ní ìwọ̀n," ni tirẹ̀. "Bí ẹ bá ti fún mi ní ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ má wá bá mi lọ́la pé ẹ ti yí i padà. Irin kì í ṣe ẹ̀bà tí èèyàn ń fi omi kún tó bá le." Nígbà tí mo gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, mo rí i pé òótọ́ ni ìhà méjèèjì ń sọ, ẹ̀yà ẹ̀rọ tí kálukú ní lọ́kàn ni kò dọ́gba.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ni pé kí èèyàn pín iṣẹ́ sí méjì: kí irin gba ọ̀nà àtijọ́, kí ohun tó jẹ mọ́ iná àti kọ̀ǹpútà gba agile. Ó dùn ún gbọ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Àpótí iná ẹ̀rọ náà kò ní àdììtú kankan nínú: bọ́tìnì kan tó ń tàn án, èkejì tó ń pa á, àti ohun tó ń dá mọ́tò iná dúró bó bá gbóná jù. A ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n apá tí yóò máa ro gàrí, irin lásán tí kò ní wáyà kankan nínú, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè sọ bí yóò ṣe rí.

Bí mo ṣe fi ìpín irin àti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nìyẹn. Lórí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: ṣé a mọ̀ ọ́n? Bí a bá sì ṣe é tán tí kò rí bó ṣe yẹ, èló ni yóò ná wa láti padà sẹ́yìn? Ohun tí a kò mọ̀, tí ìpadàsẹ́yìn rẹ̀ kò wọ́n, ìpàdé kò yẹ kó pọ̀ lórí rẹ̀. Kí a ṣe é, kí a bà á jẹ́, kí a tún òmíràn ṣe. Ohun tí a mọ̀, tó sì wọ́n, kí a wọ̀n ọ́n dáadáa, kí a gé e lẹ́ẹ̀kan. Ìjọ̀ngbọ̀n wà níbi ohun tí a kò mọ̀ tó sì tún wọ́n. Bóyá la fi máa ń rí ẹ̀rọ tuntun tí kò ní irú rẹ̀ nínú. Kí a tó dé bodè tí owó ńlá ti ń jáde, àfi kí a wá ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n, tàbí kí a wá ọ̀nà láti sọ ìpadàsẹ́yìn rẹ̀ di pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí apá náà. Àwòrán àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yà dára lójú: apá mẹ́rin lórí ṣáàfù kan, tó ń yí po nínú agbada. Pátákó la fi ṣe é, kì í ṣe irin. A so igi gbọọrọ mọ́ orí ṣáàfù, ọwọ́ ara wa la fi ń yí i nínú agbada tí àwọn ìyá ń lò. Gàrí di kókó. A yí i kíákíá, kókó dín kù, ṣùgbọ́n ohun tó jáde funfun ṣákálá, ó gbẹ láìjinná, bí a sì ṣe bu omi tútù sí i, ó kàn rọ̀ sílẹ̀ ni, kò wú. A dín eré kù, a fi kún un, pàbó ló já sí. Ìyá Alága ẹgbẹ́ náà ti dákẹ́ láti àárọ̀. Nígbà tó sú u, ó ní kí a dìde. Ó jókòó, ó mú àfọ́kù igbá rẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ má wo gàrí."

Ìgbà yẹn la tó rí i pé kì í kàn án rò lásán. Ẹ̀yìn igbá ló fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ náà mọ́ agbada gbígbóná, á jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, á wá fi etí igbá họ ọ́ kúrò kó tó jó, á sì dà á nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ̀, họ, dà. Ìtẹ̀ yẹn ló ń sè é. Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í jinná àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 60 sí 70 lórí ìwọ̀n Celsius nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí omi bá gbẹ tán kó tó gbóná dé ibẹ̀, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ lẹ ní lọ́wọ́, gàrí kọ́. Kò sí ìtẹ̀ nínú ohun tí àwọn ìyá kọ́kọ́ sọ fún wa, torí wọn kò fi ẹnu sọ ọ́ rí. Ọwọ́ ló kọ́ ọ lára ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà, apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di oríṣi méjì: méjì ní ẹsẹ̀ fífẹ̀ tí ń tẹ̀, méjì ní etí tín-ín-rín tí ń họ. Pátákó la fi ṣe wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, irin àkùfọ́ tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló kàn, a sì fi síprínǹgì sí ẹ̀yìn àwọn tí ń tẹ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ láìha agbada. A bà wọ́n jẹ́ púpọ̀. Gbogbo èyí tí a bà jẹ́ pátá, owó wọn kò tó owó sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tí ì bá lọ sí ọ̀kan ṣoṣo.

Nǹkan kan wà níbí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà kò ní í kọ́ èèyàn. Lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó o yí padà á pa ti àtijọ́ mọ́ fún ọ síbì kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, apá mẹ́fà tó jọra á wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí èyí tó yan gàrí dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àṣà àtijọ́ ló gbà wá níbẹ̀, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà sì bá àwòrán kan mu. A fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sára apá kọ̀ọ̀kan, a gbé gbogbo wọn kọ́ ara ògiri, a sì so ọ̀rá kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a bu gàrí tó yan sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi kọ apá kan sílẹ̀, kó tú ọ̀rá, kó tọ́ ọ wò. Èmi fúnra mi ti fi ọ̀rá yẹn parí àríyànjiyàn tí ì bá gba wákàtí kan.

Agbada ni òdìkejì apá. Ohun tó bá máa kan ẹ̀gẹ́ kíkan, sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ló yẹ ẹ́, torí kíkan náà máa ń jẹ irin lásán, ìpẹtà rẹ̀ á sì wọnú oúnjẹ. Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì 304 tí wọ́n máa ń lò fún iṣẹ́ oúnjẹ wọ́n gan-an, odidi ni wọ́n sì ń tà á. Bí o bá ti gé e, o ti rà á nìyẹn. Ètò àkọ́kọ́ ní kí a fi irin lásán dán ẹ̀rọ wò, kí a wá fi sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ṣe ti ìkẹyìn ní ìwọ̀n kan náà. Ó jọ ọgbọ́n. Bàbá Wẹ́dà ló mi orí.

"Ẹnjiníà, sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ọmọ ìyá irin yìí. Bí iná bá rà á, yóò wọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ooru kì í yára rìn nínú sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì 304. Ohun tó ń gbé kọjá jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lásán. Bẹ́ẹ̀, bó bá gbóná, ó ń fẹ̀ ju irin lásán lọ. Ibi tí ahọ́n iná ti ń lá a lábẹ́ á gbóná, á fẹ̀, etí rẹ̀ á ṣì tutù, àárín kò ní ibi tó máa lọ, á ta sókè. Fún ìyá tó ń fi igbá rò ó, ìyẹn kò tó nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Fún apá irin, ibi tó ta sókè ni yóò máa ha, ibi tó lọ sílẹ̀ ni gàrí yóò máa jó mọ́.

Irin lásán kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn láéláé, bó ti wù kí a fi dánwò tó. A lọ ra àjákù sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ṣe táǹkì, èyí tí nínípọn rẹ̀ bá tiwa dọ́gba. A gbé e ka iná, a fi rúlà irin dábùú rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀, a ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ rúlà kọjá. Ó hàn kedere. A wá èyí tó nípọn jù ú lọ, ìmọ́lẹ̀ dín kù. A jó irin gbọọrọ dábùú abẹ́ òmíràn kó lè dè é mọ́lẹ̀, a sì tú iná ká kó má jó lójú kan. Lórí èyí tó kẹ́yìn, èèyàn ní láti tẹjú mọ́ ọn kó tó rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ohun tí mo gbé lọ sí bodè nìyẹn: àjákù mélòó kan pẹ̀lú rúlà, kì í ṣe àwòrán aláràbarà. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti wúlò fún ara wọn jù lójú mi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agile nínú iṣẹ́ irin ni kí odidi ẹ̀rọ máa jáde ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á gbìyànjú rẹ̀, agbára wọn á pin, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Kí wọ́n mú ohun tó wọ́n jù, kí wọ́n wo ibi tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù lára rẹ̀, kí wọ́n gé ibẹ̀ nìkan ní kékeré.

Férémù ló dá ìjà sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni agbada, ṣáàfù àti mọ́tò iná máa jókòó, ó sì yẹ ká jó o kí ohun tó kù lè rí ibi sọ̀ sí. Ṣùgbọ́n apá kò tíì dúró lójú kan, gíga ṣáàfù sì wà lọ́wọ́ apá. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a dúró. Èmi ń wo kàlẹ́ńdà. Bàbá Wẹ́dà, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyípadà rárá, ló yanjú rẹ̀.

"Ẹ ò mọ gíga rẹ̀, àbí? Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ kí n jó o? Ẹ jẹ́ kí n la ihò rẹ̀ ní gígùn, kí ẹ máa fi bóòtù gbé e sókè sódò títí ẹ ó fi mọ̀."

Ó di òfin ṣọ́ọ̀bù: bóòtù níbi tí a kò tíì mọ̀, iná níbi tí ó ti dá wa lójú. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lílu ihò gígùn ń gba àkókò ju jíjó lọ, bóòtù sì máa ń tú bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, àfi kí a há a dáadáa. Mo kọ owó náà sínú ìwé ìṣirò lójú ara rẹ̀, mo pè é ní "owó àyè àtúnṣe." Àjọ ní kí ni ìyẹn. Mo ṣàlàyé, wọ́n gbà á. Ó yà mí lẹ́nu pé ìyẹn rọrùn fún wọn láti gbà ju kí a sọ pé a nílò "ìyípo ìdánwò" sí i lọ. Bóòtù ṣeé kà.

Gíábọ́ọ̀sì kò ṣeé fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún. Èkó ló ti ń wá, bí ẹni tó ń tà á kò bá sì ní i nílẹ̀, ó di kí ọkọ̀ ojú omi dé. Níbí, ọ̀nà àtijọ́ ló tọ́, kò sí àríyànjiyàn: kọ gbogbo ohun tó ń pẹ́ kó tó dé sílẹ̀, ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ tí o nílò rẹ̀, kí o sì sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ náà pé, a kò sì tíì mọ eré tí apá yóò máa sá. A ra gíábọ́ọ̀sì tó ń dín eré kù dé ibi tí a fojú bù, a fi púlì àti bẹ́líìtì sáàárín òun àti mọ́tò iná. Púlì kò wọ́n. Ẹni tó ń yí irin láàárín ìlú lè ṣe èyí tó tóbi tàbí tó kéré sí i fún wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Gíábọ́ọ̀sì kọjá bodè, púlì ṣì ń yí padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tí àwọn ọ̀dọ́ ń wí ńkọ́? A gbìyànjú rẹ̀, kò bá wa mu. Iná á lọ, òjò á rọ̀, ẹni tó ní kí a wá gbé irin lọ́jọ́ Ajé á ní kí a padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó wá di kàlẹ́ńdà wa ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá kì í yan gàrí lójoojúmọ́, àfi ìgbà tí èyí tí wọ́n rin bá ti kan tó, tí omi rẹ̀ sì ti dà. Ọjọ́ yíyan ni ọjọ́ ìdánwò. Bí a kò bá ní nǹkan tuntun láti gbé lọ, ẹ̀gẹ́ kò ní í dúró dè wá: bó bá kan jù, wọ́n á ti fi ọwọ́ ara wọn yan án, wọ́n á sì ti lọ. Mi ò tíì rí ọ̀gá tó mọ bí wọ́n ṣe ń lé èèyàn níṣẹ́ tó ẹ̀gẹ́ kíkan. Nígbà mìíràn, ohun tí a gbé lọ kò ju pátákó kan àti síprínǹgì kan lọ. Ó tó.

Ìpàdé ìdúró àràárọ̀ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà máa ń ṣe, a ṣe é fún ìgbà díẹ̀, a pa á tì. Ojú kan náà la jọ wà láti àárọ̀ dalẹ́. Pátákó tí a ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ sí ni mo gbèjà. Bàbá Wẹ́dà kì í wo kọ̀ǹpútà, àmọ́ bó bá ti wọlé, pátákó yẹn ló ń kọ́kọ́ kí kó tó kí wa.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bodè àti agile kò lè gbé inú ilé kan náà. Lójú mi, bodè kọ́ ni wàhálà, ohun tí wọ́n kọ sójú bodè ni. Nínú àdéhùn àkọ́kọ́, ohun tí yóò mú owó kejì jáde ni "àwòrán apá ẹ̀rọ ti parí." Bó bá wà bẹ́ẹ̀, a ó ya àwòrán náà parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá, yálà apá ń yan gàrí tàbí kò yan án, nítorí owó iṣẹ́ àwọn èèyàn wà nídìí rẹ̀. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ àjọ náà kí a yí i padà sí: "apá ẹ̀rọ, ohun yòówù tí wọn ì báà fi ṣe é, ti yan gàrí tí Ìyá Alága gbà láti gbé lọ sọ́jà." Ó ní ìyẹn kò ṣeé wọ̀n. Mo ní kó fi ìdá 12 omi náà tì í. A ó gbé gàrí lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á gbẹ ẹ́ nínú ààrò ní ìwọ̀n 105 Celsius títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní í dín mọ́, wọ́n á tún un wọ̀n. Ó ní ìyẹn ṣeé wọ̀n. Lẹ́tà ìyípadà pẹ́ kó tó jáde, mo tẹ̀ lé e láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ da ọ̀nà méjèèjì pọ̀, ìwé àdéhùn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé yòówù kó máa ṣe, kò lè borí ìlà kan tó sọ pé àwòrán ni wọ́n ń sanwó fún.

Bodè sì máa ń gbèjà ẹni. Lẹ́yìn tí a ti gé sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì, àlejò kan láti inú àjọ náà wo agbada, ó ní kí ló dé tí a kò jẹ́ kó fẹ̀ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ti ń múra láti sọ pé agile ni tiwa, a kì í kọ ìyípadà. Mo ti yára mú ìwé jáde. Ìwọ̀n agbada ti kọjá bodè, ẹ̀yin náà sì fọwọ́ sí i, ọ̀gá. Bí ẹ bá fẹ́ kó fẹ̀, iye tí yóò ná yín nìyí, ìgbà tí yóò fi pẹ́ sí i nìyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn ń béèrè ni.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi dánra wò ní ìyípo kankan. Ìbòrí bẹ́líìtì wà lórí ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ tí mọ́tò iná ti kọ́kọ́ yí, nígbà tí apá ṣì jẹ́ pátákó, torí ìró àti gèlè ni àwọn ìyá ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Mi ò sì gba irin tí wọ́n fi síǹkì bò níbi tí ẹ̀gẹ́ máa kàn, ì báà jẹ́ fún ìdánwò ọ̀sán kan, nítorí kíkan ẹ̀gẹ́ máa ń yọ síǹkì sínú oúnjẹ, gàrí ìdánwò náà sì ni àwọn ọmọ máa ń bù mu.

Ní báyìí, àwọn kan láti ìhà Iléṣà ti wá wo ẹ̀rọ náà, wọ́n fẹ́ èyí tó tóbi jù ú. Ọmọ òṣómàáló ni wọ́n. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti béèrè ohun tí a lè yọ kúrò kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Púpọ̀ nínú bóòtù ló máa lọ. Ìjókòó mọ́tò iná, ẹsẹ̀ férémù, ibi tí ṣímínì ti wọlé, a ti mọ gbogbo wọn, iná la ó fi jó wọn. Gíga apá nìkan ni mo ní kí ihò gígùn rẹ̀ wà síbẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ ìgbà òjò máa ń lómi ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ, bó sì ṣe ń dùbúlẹ̀ nínú agbada kò rí bákan náà. Agbada tó fẹ̀ sí i tún ti sọ wá di ọmọ ilé-ìwé padà. Wíwọ́ tí a kápá ní ìwọ̀n kékeré lè tún yọjú ní ìwọ̀n ńlá, Bàbá Wẹ́dà sì ti ń bá àwọn tó ń ṣe táǹkì dúnàádúrà àjákù tuntun. Wọn kò tíì sọ fún wa bóyá igi ni wọ́n fẹ́ fi máa dá iná tàbí gáàsì. Títí wọ́n á fi sọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra odidi sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì kankan.